Oògùn Òwú Lára Ilá

Mi ò fẹ́ràn ọgbà ẹ̀fọ́. Kí n ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń gbin tòmátì. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n bá rí ewé tútù, inú wọn á máa dùn ṣìnkìn. Èmi kọ́. Bí mo bá rí ewé tútù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yí wò, nítorí ẹ̀yìn ewé ni ọ̀tá ń gbé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ kékeré kan ní Ladjifarani, ní Parakou, ní àwọn ọdún tí ìjọba ń pe gbogbo wa ní kàmáráàdì.

Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló gbé òun àti ìyá mi kúrò ní Ṣábẹ̀ wá sí Parakou, ibà ló sì mú un lọ. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní ẹni tó kú ti sinmi. Ó sinmi lóòótọ́. Ìyá mi ni kò sinmi. Ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ kò pọ̀: kẹ̀kẹ́ kan, rédíò kan, àti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn àgbàlá tí a ti háyà yàrá. Ó fẹ́ kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ náà. Ó ti kó bíríkì díẹ̀ jọ sí igun kan, àwọn alángbá ló wá ń gbé inú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi a máa lọ dúró síbẹ̀, á ká ọwọ́ gbera, á ní, "Ibí ni ilé ìdáná máa wà." Bí mo bá bi í pé owó dà, á ní òun kò bá owó sọ̀rọ̀, ilé ìdáná lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ìyá mi kò gbé ilé ara rẹ̀ rí láyé. Ilé bàbá rẹ̀ ló ti lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ló ti lọ sí yàrá àyágbé pẹ̀lú bàbá mi. Onílé wa ní Ladjifarani a máa ka iye ìgbà tí a bá fa omi nínú kànga rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn àgbàlá yẹn nìkan ni ohun tí ìyá mi ní ní Parakou tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún un pé kó dìde kúrò lórí rẹ̀. Ohun tó rò nìyẹn.

Ní ọdún kejì tí bàbá mi kú, dèlégè àdúgbò wa wọlé wá kí wa. Dèlégè ni ẹni tí wọ́n yàn láti máa ṣojú ìjọba láàárín wa, kó máa pe ìpàdé, kó máa wo ẹni tó gbálẹ̀ àti ẹni tí kò gbálẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ariwo ẹnu rẹ̀ ló kàn pọ̀. Ó jókòó sórí àga, ó yin ìyá mi pé ó ń gbìyànjú, ó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń gbọ́ rédíò. Wọ́n ní kí á gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa, kí ilẹ̀ kankan má sùn. Ilẹ̀ yín yìí ń sùn."

"Kò sùn," ni ìyá mi wí. "Ó ń dúró de ilé."

"Ilé kì í ṣe oúnjẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn àgbà láti bíróò ìjọba máa wá yẹ gbogbo ilẹ̀ àdúgbò wò. Èyí tí wọ́n bá bá ewé jíjẹ lórí rẹ̀, ti ẹni tó ni ín ni. Èyí tí wọ́n bá bá koríko lórí rẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúgbò ló máa gbà á ro. Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, Màmá. Ẹ má fi ojú burúkú wò mí."

Ojú burúkú náà ló fi wò ó. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ yá ọkọ́.

Ìyá mi kì í ṣe àgbẹ̀. Ọṣẹ àti iyọ̀ ló ń tà ní Zongo, láàárín àwọn Hausa àti àwọn Dendi, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo ọjà ju bí wọ́n ṣe ń kọ ebè lọ. Èmi náà, ẹ má bi mí. A ṣán koríko dànù, a la ilẹ̀ sí plánṣì, ìyẹn ebè pẹrẹsẹ tí wọ́n máa ń lò fún ẹ̀fọ́. A ru ìgbẹ́ ewúrẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ní Zongo, mo ń gba ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbà. Láàárọ̀, omi. Nírọ̀lẹ́, omi. Onílé ń kà á láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Tòmátì la kọ́kọ́ gbìn, nítorí pé tòmátì ló wu ìyá mi. Ó yọ dáadáa, ó ga dé orókún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan òdòdó. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a bá igi kan tó rọ. Ewé rẹ̀ ṣì tutù, kò ní ihò, kò pọ́n, ó kàn so ọwọ́ wálẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Nírọ̀lẹ́ ó tún jí. Ìyá mi ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó da omi sí i. Ní ọjọ́ kejì ó tún rọ, kò sì jí mọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìyá mi ń da omi, tòmátì ń kú. Bó ṣe ń da omi tó ni wọ́n ń kú tó.

Ọkùnrin kan wà ní ilé kejì sí wa, ọmọ Bàrùbá, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Òwú ló ń gbìn ní abúlé rẹ̀ lójú ọ̀nà àríwá, ó sì máa ń wá sí Parakou lẹ́yìn iṣẹ́ oko. "Ìyàwó wa" ló ń pe ìyá mi, nítorí pé ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni, ìyàwó ẹni ni lẹ́nu. Ó wọlé, ó fa igi tòmátì kan tu, ó fi ọ̀bẹ la á láàárín. Inú rẹ̀ ti pọ́n bíi tábà.

"Ìyàwó wa, kì í ṣe òùngbẹ. Àrùn inú ilẹ̀ ni. Ta ló ti gbin ìgbá síbí rí?"

Ayágbé kan tó ti kó lọ ló ti ń gbin ìgbá síbẹ̀ kí bàbá mi tó ra ilẹ̀ náà.

"Hẹn-ẹ̀n. Ìgbá àti tòmátì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tó bá pa ẹ̀gbọ́n á pa àbúrò. Kò sí oògùn rẹ̀. Omi tí ẹ ń dà ló ń gbé e láti ìdí èyí lọ sí ìdí tọ̀hún. Ẹ hú gbogbo rẹ̀, ẹ sun ún. Ẹ gbin ilá. Ilá kò bá wọn tan."

Ìyá mi jókòó sórí bíríkì bàbá mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn díẹ̀ pé ìgbẹ́ ewúrẹ́ ti parí. Àṣìrò. Ilá náà fẹ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́.

A gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀. Ilá kò rọ. Ó dìde gíga, ewé rẹ̀ fẹ̀, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ nídìí kànga. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Tiwa ti dára kọjá ìwọ̀n. Àwọn iná ilá ló kọ́kọ́ dé, kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé bí iná ṣe ń lẹ̀ mọ́ orí ọmọ ilé ìwé. Ewé á ká jọ, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, èèrà á wá máa gun igi náà bí ẹni pé ilé wọn ni. Lẹ́yìn iná, tata dé. Lẹ́yìn tata, kòkòrò aláwọ̀ ewé tó máa ń gbẹ́ inú èso ilá wọlé, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ká ilá tó sì gé e, á bá onílé nínú rẹ̀.

Kò sí ohun tí a kò ṣe. A ku eérú sí i láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, kó lè lẹ̀. Eérú dára fún tata, àmọ́ bí ọyẹ́ bá fẹ́, á gbé eérú náà lọ sórí aṣọ onílé tó sá síta, a sì máa gbọ́ tiwa. A gún ewé dóńgóyárò, a rẹ ẹ́ mọ́jú, ìyá mi ha ọṣẹ sínú rẹ̀, a fi wọ́n ẹ̀yìn ewé lẹ́yọ-lẹ́yọ. Iná ilá kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa dóńgóyárò: kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ó kàn ń mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu rẹ̀ ni, bí kòkòrò náà bá sì lórí kunkun, á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú èso, a fi ọwọ́ ṣa wọ́n sínú agolo láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé. Mo máa ń jókòó ní kíláàsì, òórùn ilá á wà ní ìka mi.

Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, bóyá à bá jẹ ìdajì, kí kòkòrò jẹ ìdajì. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún dèlégè: "A ó jọ jẹ ẹ́ ni." Dèlégè rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà bíróò kò ní í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ń bá kòkòrò pín in. Ewé ni wọ́n fẹ́ rí.

Nígbà tó yá, wọ́n ká òwú tán ní gbogbo abúlé tó yí Parakou ká. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ kò ní í mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kòkòrò tó ń jẹ inú òwú náà ló ń jẹ inú ilá, bí oko òwú bá sì ti gbẹ, ibi tí nǹkan bá ti tutù ni gbogbo wọn ń dorí kọ. Wọ́n dé ilẹ̀ wa. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé ilá di asẹ́. Tẹ̀tẹ̀ ku igi. Agolo kò gbà wọ́n mọ́. Dèlégè sì ránṣẹ́ pé àwọn àlejò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo bá ìyá mi tó ń sunkún nídìí ilá. Kì í ṣe ẹni tó ń sunkún kiri. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ níbi òkú bàbá mi.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ló gbé ìgò náà wá lábẹ́ agbádá rẹ̀. Oògùn òwú ni. Ìjọba ló ń fún àwọn tó ń gbin òwú, nítorí òwú nìkan ni wọ́n sì ṣe ń fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìní oko òwú yóò rí pupa ojú wọn, ẹni tó sì fún un náà yóò rí i.

"Ìyàwó wa, gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "A kì í se òwú jẹ. Nítorí náà ni oògùn yìí ṣe le tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi sára ilá, wíwò ni ilá náà wà fún. Má jẹ ẹ́. Má jẹ́ kí adìẹ jẹ ẹ́. Àfi bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tó bá fọ ilẹ̀, kí o wá gbin òmíràn."

"Wíwò náà ni wọ́n ń bọ̀ wá wò," ni ìyá mi wí.

A kò ní pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín in. Ìyá mi pò ó sínú garawa àtijọ́ kan, ó fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n ilẹ̀ kó tó gbá a. Ó ní kí n dúró lọ́nà jíjìn. Òórùn rẹ̀ wọ ọ̀fun mi síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kòkòrò ti já bọ́ sí poro, wọ́n ká jọ, wọn kò mira. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo gbá wọn jọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá mi sin garawa náà jìnnà sí kànga, ó de àwọn adìẹ mọ́lẹ̀, ó ní bí mo bá fi ọwọ́ kan ewé kan ṣoṣo níbẹ̀, òun á gé ọwọ́ náà. A bu omi sí ìdí rẹ̀ nìkan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ewé tuntun yọ, kò ní ihò kankan, ilá sì so wọ̀ǹtìwọnti. Mi ò tí ì rí ọgbà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tí ì rí i láti ìgbà náà.

Wọ́n dé ní òwúrọ̀. Dèlégè ló ṣíwájú, àwọn ọkùnrin méjì láti bíróò tẹ̀ lé e, wọ́n wọ aṣọ funfun tí ọyẹ́ ti sọ di pupa. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúgbò wà lẹ́yìn wọn, nítorí pé àwọn ló máa gba ilẹ̀ bí kò bá lójú. Ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́bàá ọgbà, ọ̀rẹ́ bàbá mi náà wà láàárín wọn.

Èyí tó dàgbà nínú àwọn àlejò wọ inú poro, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣí fìlà. Ọmọ Ìdàáṣà ni, Yorùbá bíi tiwa. Bí ó ṣe la ẹnu la mọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá! Haà, ilá yìí mà dára o! Iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan nìyí?"

Ní tiwa, bí èèyàn bá wọ inú ebè rẹ, tó kí ọ kú iṣẹ́, tó yin ohun ọ̀gbìn rẹ, kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ òfo, wàá ní kó wá ká díẹ̀. Kì í ṣe òfin tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ ọmọ. Ó ti wà lẹ́nu wa láti kékeré bíi káàárọ̀, o jí ire. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò rí ilé tọ́ ọ. Nítorí náà ìyá mi kúnlẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀, ó ní, "Iṣẹ́ ò ní í pa yín o. Ẹ wá ká díẹ̀ síbi ọbẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde tán. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Dèlégè gbé ohùn sókè. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wo ohun tí obìnrin opó kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó ní láti òní lọ kò sí ẹni tó tún máa bá kàmáráàdì yìí sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́. Tirẹ̀ ni. Àlejò bíróò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ti ń dúró dè láti ìgbà tí bàbá mi ti kú nìyẹn, ó sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Àwọn obìnrin gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ilá fún ọbẹ̀ àwọn àlejò.

Mo ń wo ìyá mi. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó. Bó bá dákẹ́, ilẹ̀ ti di tiwa. Bóyá wọ́n á fọ̀ ọ́ dáadáa. Bóyá sísè á pa oró rẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kó dákẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń sọ fún ìyá mi nínú ọkàn mi pé: jọ̀ọ́, dákẹ́.

Kó tó dákẹ́ tàbí kó tó sọ̀rọ̀, obìnrin tó pọn ọmọ ṣẹ́ ilá tútù kan sí méjì, ó ju ìdajì sẹ́nu ara rẹ̀, ó na ìdajì kejì sẹ́yìn fún ọmọ. Ọmọ náà gbà á, ó ń gbé e lọ sẹ́nu.

Ìyá mi fò dé ibẹ̀. Ó gbá a dànù lọ́wọ́ ọmọ. Pàá! Ọmọ fi igbe ta.

"Tu ú dànù!" ó ń sọ fún ìyá ọmọ. "Tu ú! Bu omi fọ ẹnu rẹ! Ẹ má ká a mọ́, ẹ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀!"

Ẹnìkan sọ pé, "Ahun ni ṣá! Òun ló ní kí wọ́n ká a." Ẹlòmíràn ní ayọ̀ ti da orí rẹ̀ rú.

"Kì í ṣe ahun," ni ìyá mi wí. "Oògùn òwú wà lára rẹ̀. Èmi ni mo fi sí i, kí ẹ lè rí ewé. Kò ṣe é jẹ."

Dèlégè wo àwọn àlejò, ó wo ìyá mi. Mo gbà pé àánú rẹ̀ ṣe é. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá. Oògùn ìjọba nìyẹn. Ta ló fún yín?"

Ọ̀rẹ́ bàbá mi wà lẹ́bàá ọgbà. Ó di igi ọgbà mú. Ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ rẹpẹtẹ, oko òwú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń béèrè ìbéèrè yìí. Ìyá mi kò wo apá ibẹ̀ rárá.

"Kò sẹ́ni tó fún mi. Mo jí i ni."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ní Ṣábẹ̀, ẹni tí wọ́n bá pè lólè, títí dé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á máa fi í bú. Obìnrin yìí tí kì í mú iyọ̀ tó bá dà sórí tábìlì ẹlòmíràn! Ó dúró síbẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ lólè níwájú onílé wa, níwájú àwọn tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kò bẹ̀ mí.

Ní ìpàdé àdúgbò, wọ́n ní kó dìde kó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Ó dìde, ó fún gèlè rẹ̀, ó ní, "Mo jí oògùn ìjọba. Mo fi tan àwọn àlejò. Ẹ má bínú." Ó jókòó. Dèlégè fẹ́ kó fi díẹ̀ kún un, kó sọ ti ọ̀tá ìlú àti ti ìṣọ̀kan, àmọ́ ìyá mi ní òun ti sọ tán. Wọn kò tì í mọ́lé. Wọ́n gba ilẹ̀ náà, wọ́n fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúgbò, bíríkì bàbá mi náà sì bá a lọ, wọ́n fi tẹ́ ẹnu kànga tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ náà, ìyá mi bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo: pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun hú ilá náà. Ó hú u, ó gbẹ́ ihò jíjìn, ó bò ó mọ́lẹ̀. Mo bá a gbẹ́ ihò náà. Ibẹ̀ la ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi gbé ẹran ìgbẹ́ wá fún wa nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní kó dìde, eruku wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ń ra ọṣẹ. Àmọ́ bí nǹkan bá sọnù lágbàlá, mo máa ń rí i tí ojú á kọ́kọ́ yí sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ọyẹ́ tún dé. Èmi àti ìyá mi ń bọ̀ láti Zongo, a gba ẹ̀yìn àgbàlá. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti gbin ilá sí gbogbo plánṣì, ó tutù minimini. Mo yí ewé kan wò lẹ́bàá ọgbà. Kò sí iná. Kò sí ihò. Kò sí èèrà pàápàá. Ìyá mi náà dúró, ó ń wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ilá yín mà dára."

Obìnrin tó pọn ọmọ lọ́jọ́ sí ló dá a lóhùn. Kò bá ìyá mi ṣe ọ̀tá. Ó nà ró láàárín ebè, ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ò ní í pa yín o, Màmá. Ẹ wá ká díẹ̀ síbi ọbẹ̀."

"Kí lẹ fi pa kòkòrò rẹ̀?"

"Oògùn òwú ni. Dèlégè ló bá wa gbà á láti bíróò. Pọ́ǹpù tuntun ni wọ́n tún fi kún un."

Ọmọ náà ti ń rìn. Ó jókòó sínú poro lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ìhòòhò, ó di ilá tútù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń jẹ ẹ́. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó dìde, mo sì rí i tó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá ọmọ," ó ní, "jọ̀ọ́, gbà á lẹ́nu rẹ̀."

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyá mi. Kò bínú. Ohùn tí èèyàn fi ń tu àgbàlagbà lára ló fi dá a lóhùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ó ní. "Tiwa yìí, a ò jí i."